Ààrò Yèyé, Kúkà Màmá

Wọ́n ti wó ilé ìdáná Yèyé, ìyá bàbá mi. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni àwọn bíríkìlà dé sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ọ̀kà-Àkókó, nígbà tí ilẹ̀ yóò sì fi ṣú, ògiri amọ̀ tí èéfín ti kùn dúdú láti ìgbà èwe bàbá mi ti di òkìtì. Ibẹ̀ ni a fẹ́ kọ́ ilé ìdáná tuntun sí, tí yóò so mọ́ ilé gan-an, tí omi yóò máa yọ nínú rẹ̀, tí a ó sì lẹ táìsì mọ́ ògiri. Kò sí ẹni tó lòdì sí i. Màmá fúnra rẹ̀ ló ní kí á ṣe é, nítorí orúnkún rẹ̀ kò gbà á láyè mọ́ kí ó máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé nínú òjò.

Kúkà ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Èkó ti rí èyí tó wù ú: ẹnu gáàsì mẹ́rin, ẹnu iná mànàmáná méjì, ófùn tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì nísàlẹ̀, ìdérí gíláàsì tó ń dán lókè. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí á má tilẹ̀ dá gáàsì lábàá, pé induction ni kí á rà, èyí tí ìkòkò nìkan ń gbóná lórí rẹ̀, tí kò sí ọwọ́ iná tó lè jó Màmá láṣọ. Àwòrán ń wọlé sórí fóònù mi láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo wo gbogbo wọn. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó ti béèrè lọ́wọ́ Màmá irú ìkòkò tí yóò máa gbé kà á àti bí yóò ṣe dúró tì í. Láti ìgbà náà ni ọkàn mi ti ń padà sẹ́yìn sí gbogbo ohun tí wọ́n ti dáná lé lórí nínú ilé wa, àti ẹni tó yan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ààrò Yèyé, Yèyé ló yàn án. Òkúta kò wọ́n ní Ọ̀kà; orí àpáta ni ìlú jókòó sí, orí àpáta ni àwọn obìnrin ti ń sá láfún títí di òní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òkúta ló ṣeé dáná sí. Èyí tó bá ti inú odò wá, tí omi ti wọ̀ lára, a máa bú gbàmù bí iná bá mú un. Yèyé a máa fi òkúta kan lu èkejì, á dẹtí sí ìró rẹ̀, kí ó tó gbà kí á gbé e wálé. Ààrò mẹ́ta ló tò sínú ilé ìdáná náà. Ńlá wà fún iṣu àti omi ìwẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e wà fún ọbẹ̀, kékeré tó wà ní kọ̀rọ̀ wà fún ẹ̀kọ àárọ̀ àti àgbo. Ó tò wọ́n débi pé bí ó bá ti jókòó sórí àpótí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìdìde.

Ẹni tó bá rò pé iná igi kò ní ohun tí a fi ń dín in kù tàbí gbé e sókè kò rí Yèyé nídìí ààrò. Igi mẹ́ta ló máa ń fi orí wọn kanra lábẹ́ ìkòkò. Bí ó bá fẹ́ kí iná ga, á ti igi wọlé. Bí ó bá fẹ́ kí ó rọlẹ̀, á fa ọ̀kan jáde, á tẹ orí rẹ̀ mọ́ eérú títí yóò fi kú. Fún ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, á yọ igi náà kúrò pátápátá, á wọ́ ẹyin iná jọ sábẹ́ ìsaasùn, ọbẹ̀ á sì máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níbẹ̀ nígbà tí òun ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Ó mọ igi pẹ̀lú. Àyìn ni ó fẹ́ràn jù, nítorí iná rẹ̀ ń pẹ́, ẹyin rẹ̀ sì le. Igi tó bá ń ta pàrà tó sì ń tú èéfín, á ní kí á fi í sílẹ̀ fún omi ìwẹ̀. Lálẹ́, á fi eérú bo ẹyin iná. Láàárọ̀, á hú u jáde, á ju ògùṣọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sí i, á fẹ́ ẹ, iná á sì dé. Páálí ìṣáná kan máa ń pẹ́ nílé wa.

Lókè ààrò ni àjà wà. Àgbàdo irúgbìn rọ̀ síbẹ̀ ní ìdì-ìdì, ata wà níbẹ̀, ẹran ìgbẹ́ àti ẹja wà níbẹ̀, èéfín tó ń gòkè tọ̀ wọ́n lọ ni kò sì jẹ́ kí kòkòrò sún mọ́ wọn. Nígbà tí a bá ń sọ pé kúkà gáàsì gba ipò ààrò, ìdí rèé tí n kò fi gbà bẹ́ẹ̀ tán. Ìdáná nìkan kọ́ ni iṣẹ́ tí ààrò ń ṣe. Ó ń tọ́jú irúgbìn ọdún tó ń bọ̀, ó ń gbẹ aṣọ ọmọ nígbà òjò, ó sì ń mú ilé gbóná nígbà ọyẹ́. Ẹni tí kò bá tíì rí ọyẹ́ ní Ọ̀kà, lórí òkè tí afẹ́fẹ́ ti ń gbá wọlé láti ọ̀nà gbogbo, kò lè mọ ìdí tí gbogbo àwa ọmọdé fi máa ń sáré wọ ilé ìdáná láì sí ẹni tó pè wá.

Ìrọ̀lẹ́ tí mo rántí jù ni ti iyán. Yèyé a ṣí ìdérí, á fi ọ̀bẹ gún iṣu wò. Odó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn gan-an, lórí ilẹ̀ tó le, ìṣísẹ̀ mélòó kan sí iná. Kì í da iṣu náà sínú igbá lẹ́ẹ̀kan náà. Ńṣe ni yóò máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ láti inú ìkòkò tó ṣì wà lórí iná, nítorí iyán kò fẹ́ iṣu tó ti tutù. Ibi tó bá ti tutù yóò di kókó. Màmá àti ìyàwó àbúrò bàbá mi á dojú kọ ara wọn lórí odó, ọmọ odó méjì á máa lọ sókè sódò, Yèyé á sì máa na ọwọ́ iṣu gbígbóná láàárín ìlù wọn láì jẹ́ kí wọ́n gún un lọ́wọ́. Mo dúró wò wọ́n bẹ́ẹ̀ títí tí iyán fi funfun, tó dán, tó ń fà. Gbogbo ètò ilé ìdáná yẹn, láti orí bí òkúta ṣe ga tó dé orí ibi tí odó wà, ìrọ̀lẹ́ yẹn ni Yèyé ṣe é fún.

Síbẹ̀, n kò lè sọ̀rọ̀ ilé ìdáná náà kí n fo èéfín rẹ̀ dá. Fèrèsé kékeré kan ló ní. Ojú Yèyé kì í yé pọ́n. Etí ìró rẹ̀ ló fi ń nù ún láti òwúrọ̀ dé alẹ́, nígbà tí ó sì darúgbó, kò lè fi abẹ́rẹ́ ṣe nǹkan kan mọ́. Ikọ́ rẹ̀ máa ń jí wa lóru. A kò ka ikọ́ náà sí àìsàn, a ní ti àgbà ni. Àwọn ìyá wa jókòó sínú èéfín kan náà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, pẹ̀lú oyún nínú. Àjọ ìlera àgbáyé ti ṣírò pé ní 2020, èéfín inú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ nínú ikú ènìyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Chicago kó aboyún 324 jọ tí wọ́n ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n jẹ́ kí apá kan máa bá ohun tí wọ́n ń lò lọ, wọ́n fún apá kejì ní sítóòfù tó ń jó ethanol, èyí tí kì í rú èéfín. Èsì tó jáde ní 2017 fi hàn pé nọ́ńbà ìsàlẹ̀ nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru kò gòkè lára apá kejì tó bí ó ṣe gòkè lára àwọn tó kù. Nígbà tí mo kà á, Yèyé ni mo rò. Ó lè yan òkúta, ó lè yan igi, ó lè yan ibi tí odó yóò wà. Èéfín nìkan ni kò sí ẹni tó fún un ní àǹfààní láti yàn tàbí kọ̀.

Igi náà kì í sì í fúnra rẹ̀ rìn wálé. Ọmọbìnrin ni wọ́n ń rán. Bí oko bá ti kúrò nílẹ̀, àwa àti Yèyé á lọ, á dì í fún oníkálukú bí ọrùn rẹ̀ ṣe lè gbà, òṣùká lórí, á di ọ̀nà orí àpáta tó ń yọ̀ bí ìrì bá sẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ka ìwé lákòókò yẹn. N kò bínú sí wọn, ṣùgbọ́n mo rántí ẹni tó ń ka ìwé àti ẹni tó ń ru igi.

Ìkàrẹ́ ni sítóòfù ti wọ ayé wa. Bàbá mi jẹ́ tíṣà níbẹ̀, a sì ń gbé ilé tí a háyà, tí kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Nígbà tí ìjọba san owó Údójì fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, tí wọ́n kó owó oṣù mélòó kan tí wọ́n fi kún un papọ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ìlú ló mọ̀. Ẹlòmíràn ra alùpùpù, ẹlòmíràn ra rédíò tó ń kọ rẹ́kọ́ọ̀dù. Bàbá mi ra rédíò, ó sì ra sítóòfù kẹrosíìnì Butterfly tí òwú rẹ̀ tò yíká, nínú páálí rẹ̀. Orí tábìlì ní pálọ̀ ló kọ́kọ́ gbé e sí, kí àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè rí i. Òun ló yàn án, inú rere ló sì fi yàn án. Ó ní ìyàwó òun kò gbọdọ̀ máa fẹ́ná mọ́.

Ó sì rí bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀. Kí a tó ní sítóòfù, ẹ̀kọ àárọ̀ ń gba kí Màmá jí nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ rárá. Lẹ́yìn rẹ̀, ìṣáná kan ni, òwú á mú iná yíká, Màmá á dúró díẹ̀ kí ọwọ́ iná pupa tó di búlúù, omi á hó, a ó sì dé ilé ìwé kí agogo tó lù. Màmá kọ́ bí a ti ń gé orí òwú dọ́gba, nítorí òwú kan tó bá ga ju àwọn yòókù lọ yóò kun gbogbo ìdí ìkòkò ní dúdú. Ó kọ́ pé a kì í fi ẹnu fẹ́ ẹ kú, pé a kì í sì í bu kẹrosíìnì sí i nígbà tó ń jó. Òórùn rẹ̀ nígbà tí a bá pa á ṣì wà nímú mi.

Ṣùgbọ́n bàbá mi ti ra tábìlì gíga kan mọ́ ọn. Orí tábìlì yẹn ni sítóòfù gbọ́dọ̀ wà, bí ó ti wà nínú ilé àwọn òyìnbó ìjọ tí ó ti rí. Màmá sì ga díẹ̀ ju ilẹ̀kùn àká lọ, bí àwọn ará ilé wa ti máa ń wí. Bí ó bá ń se ọbẹ̀, apá rẹ̀ á gòkè ju èjìká lọ. Bí ó bá ń ro àmàlà, ìkòkò á máa yí lórí ẹsẹ̀ irin tín-ín-rín mẹ́ta, èmi á sì ní láti fi aṣọ di etí rẹ̀ mú lápá méjèèjì kí ó má baà dojú dé. Nítorí náà, bí bàbá mi bá ti gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde báyìí, Màmá á gbé sítóòfù sọ̀ kalẹ̀ sílẹ̀, á fa àpótí rẹ̀ yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á jókòó, á fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì ti ìdí rẹ̀, á sì ro àmàlà rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára ẹ̀yìn àti èjìká rẹ̀. Kí bàbá mi tó dé, sítóòfù ti padà sórí tábìlì. Kò bá a jà lórí rẹ̀ rí. Iṣu fún iyán, ní tirẹ̀, kò tilẹ̀ dé orí sítóòfù rí. Ìkòkò náà tóbi jù, iná náà kéré jù. Igi la fi ń sè é lẹ́yìnkùlé, ní Ìkàrẹ́ gẹ́gẹ́ bí ti Ọ̀kà.

Lẹ́yìn bàbá mi, ọ̀wọ́ngógó ló wá yàn fún wa. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ elépo rọ̀bì daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1994 nítorí ìbò June 12 tí ìjọba fagi lé, kẹrosíìnì pòórá. Mo ti lọ́kọ nígbà náà, mo ti bímọ, mo sì wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ Màmá. Kẹ́ẹ̀gì tò sórí ìlà níwájú ilé epo, okùn la fi so wọ́n mọ́ra kí ẹnikẹ́ni má baà já síwájú, àwọn tó ni wọ́n sì lọ sùn sílé. Èyí tí a bá rí rà lójú títì, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá, nítorí àwọn kan ń po bẹntiróòlù mọ́ ọn, ó sì ti bú gbàmù mọ́ àwọn ènìyàn lójú. Ìgbà náà ni sítóòfù onírin tí a ń fi èédú dá kún ọjà, tí àwọn ènìyàn fi orúkọ Abacha, olórí ìjọba ológun ìgbà náà, pè é.

Màmá kò ra ìyẹn. Ìyẹ̀ igi ló lọ kó ní ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Ó wá agolo ọ̀dà ńlá kan, ó lu ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ nísàlẹ̀, ó ti igi kan bọ ihò náà, ó gbé ìgò òfìfo dúró sáàárín agolo. Ó wá ń bu ìyẹ̀ igi gbígbẹ yí ìgò náà ká, ó ń fi ọmọ odó kékeré tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìpele lórí ìpele, títí agolo fi kún. Lẹ́yìn náà ó rọra yí ìgò, ó fà á yọ, ó fa igi yọ nísàlẹ̀. Ihò tí wọ́n fi sílẹ̀ ni iná ń gbà. Ó ń jó fún wákàtí púpọ̀ láì sí ẹni tó ń koná mọ́ ọn, ẹ̀wà ń jinná lórí rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti mú, kò ṣeé pa, ó di ìgbà tó bá jó tán, o ní oúnjẹ tó kù o, o kò ní. Èéfín rẹ̀ sì burú ju ti igi lọ bí ìyẹ̀ náà bá rin díẹ̀. Mo ń wo obìnrin tó ti fi owó Údójì bọ́ lọ́wọ́ èéfín, tó tún kúnlẹ̀ tì í ní ẹ̀yìn nǹkan bí ogún ọdún. Mo gbóríyìn fún ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀, ó sì dùn mí pé a nílò rẹ̀.

Gáàsì dé sọ́dọ̀ wa díẹ̀díẹ̀. Yunifásítì tó wá sí Àkùngbá ní nǹkan bí 2000 wà lára ohun tó mú un yá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún gbogbo ilé láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, wọ́n ń gbé sìlíńdà kékeré tí ẹnu ìdáná wà lórí rẹ̀ tààrà, ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì sì ń yọ lójú títì. Kó tó dìgbà náà, a ń fi sìlíńdà ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn ni. Ní 2007 ni ilé-iṣẹ́ Nigeria LNG bẹ̀rẹ̀ sí í ya gáàsì sọ́tọ̀ fún ìdáná nílé. Ẹ̀gbọ́n mi ra kúkà tòkúnbọ̀ kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé fún Màmá, funfun báláú, ófùn méjì. Nígbà tí wọ́n tan án, ọwọ́ iná rẹ̀ pupa, ó ga dé ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, láàárín ọ̀sẹ̀ kan gbogbo ìkòkò Màmá ti dúdú. Ó ní, “Èéfín tí mo sá fún náà rèé, ó ti mọ ilé.”

Kúkà náà kò bàjẹ́. Gáàsì tí wọ́n ń lò ní Lọ́ńdọ̀nù, láti inú ilẹ̀ ni, páìpù ló ń gbé e wọlé, ó fúyẹ́, agbára rẹ̀ kò sì tó ti inú sìlíńdà wa. Nítorí náà, ihò kékeré tí gáàsì ń gbà jáde nínú kúkà wọn, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní nọ́sù, tóbi ju èyí tó yẹ tiwa lọ. Bí a bá so ó mọ́ sìlíńdà láì pààrọ̀ nọ́sù, gáàsì á pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, á sì máa jó pẹ̀lú èédú. Àwọn òyìnbó pàápàá ti la irú rẹ̀ kọjá: láàárín 1967 sí 1977, nígbà tí wọ́n kúrò lórí gáàsì àtijọ́ tí wọ́n ń ṣe láti ara èédú, ilé dé ilé ni wọ́n ń lọ káàkiri Bìrìtìkó láti tún ẹnu gbogbo kúkà ṣe. Oníṣẹ́ kan ní Ìkàrẹ́ ló pààrọ̀ nọ́sù fún wa. Ọwọ́ iná di búlúù. Ẹni tó bá ń ra tòkúnbọ̀ lónìí, kí ó kọ́kọ́ béèrè ìyẹn kí ó tó wo bí ara rẹ̀ ṣe ń dán.

Nínú ófùn méjì yẹn, Màmá kò yan nǹkan kan rí. Ìkòkò àti páànù ló kó sínú wọn. Mo ti rí ilé tó pọ̀ tí ó rí bẹ́ẹ̀, títí dé ilé àwọn ènìyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Owó ńlá ni ófùn ń gbà lórí kúkà, ibi ìkóǹkansí sì ni a ń sọ ọ́ dà.

Gáàsì wá gbówó lórí. Sìlíńdà kílò 12.5 tí a ń rọ ní bíi 4,000 náírà ní ìparí 2020 ti lé ní 7,000 kí 2021 tó parí. Ní àárín 2024, ó ti lé ní 15,000. Kẹrosíìnì tí ìjọba fìgbà kan dá ní 50 náírà fún lítà kan ti lé ní 1,000 ní 2023, nítorí náà kò sí ibi tí a lè sá padà sí. Màmá, tó ti padà sí Ọ̀kà nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í pín in: gáàsì fún ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ kíákíá, ààrò Yèyé fún ẹ̀wà, ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti iyán. Bí ó ṣe ń lò ó nìyẹn títí tí wọ́n fi wó o.

Nígbà tí mo wá bi í léèrè ohun tó fẹ́, kò dárúkọ kúkà kankan. Ó dìde, ó ń gbé ìkòkò rẹ̀ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sílẹ̀ níwájú mi. Ńlá méjì wà nínú wọn tí àwọn tó ń yọ́ irin dà láti ara páànù àti irin ọkọ̀ àtijọ́, ìdí wọn rí róbótó, wọ́n wúwo. Mo fi tépù àwọn télọ̀ wọ̀n wọ́n. Bí a bá gbé ọ̀kan lára wọn sórí kúkà ẹlẹ́nu mẹ́rin tí ẹ̀gbọ́n mi ń fẹ́, yóò bo ẹnu mìíràn mọ́lẹ̀, kò sì sí èyí tí ẹsẹ̀ irin rẹ̀ lè gbé iṣu fún iyán àlejò. Ti induction, mo gbé òòfà kékeré kan, mo fi kan ìdí gbogbo ìkòkò náà. Kò lẹ̀ mọ́ ọ̀kankan. Ìkòkò tí òòfà kò bá lẹ̀ mọ́, kò lè gbóná lórí irú sítóòfù bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìkòkò Màmá la ó pààrọ̀ nìyẹn, a ó sì tún gbójú lé iná mànàmáná tó jẹ́ pé ní oṣù kẹrin 2024, àwọn tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 fún lójúmọ́ rí i tí owó rẹ̀ fò láti 68 náírà sí 225 fún yúníìtì kan. Mo kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí á má gbàgbé ojú Yèyé. Òótọ́ ló sọ, n kò sì gbàgbé.

“Ìjókòó ni mo fẹ́,” ni Màmá wí nígbẹ̀yìn. “Mo ti dúró tó.”

Ọ̀rọ̀ yẹn la fi yan kúkà. Pẹpẹ símẹ́ńtì la ní kí wọ́n ṣe, kò ní ga ju orúnkún lọ, kí ó lè jókòó tì í lórí àga tó ní ẹ̀yìn. Orí rẹ̀ ni a ó gbé ẹnu gáàsì méjì sí, irin wúwo, irú èyí tí àwọn olóúnjẹ ń lò, ẹsẹ̀ mẹ́rin, ẹnu kan ńlá fún iṣu àti àmàlà, ọ̀kan kékeré tí a lè dín iná rẹ̀ kù dé ibi tí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí fẹ́. Mo tẹnu mọ́ ọn pé ó gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń ti gáàsì fúnra rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ iná kú, nítorí afẹ́fẹ́ Ọ̀kà kò mọ ẹni tó ti sùn lọ. Sìlíńdà yóò wà lóde, nínú àgò irin. Gáàsì inú sìlíńdà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń wọ́ sí, kì í gòkè, nítorí náà ihò afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ògiri lẹ́bàá ilẹ̀, yàtọ̀ sí fèrèsé ńlá méjì tó dojú kọ ara wọn. Ẹni ọdún mẹ́wàá nínú ilé ti mọ bí a ti ń fi omi ọṣẹ kun orí régúlétọ̀ àti rọ́bà láti wò bóyá ó ń hó. Fún ìnáwó, fún ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó ń pẹ́ lórí iná, ààrò igi méjì yóò wà lábẹ́ páànù lẹ́yìnkùlé, láì ní ògiri kankan, kí èéfín rí ibi gbà lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń bi wá pé ta ni yóò wá rí irú kúkà bẹ́ẹ̀ tí yóò mọ̀ pé Màmá ní ọmọ ní Èkó. Ó ti fi owó ránṣẹ́ ná. Ohun tó kù ni odó. Bíríkìlà ti to táìsì rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà kí Màmá tó dá a dúró, pé ibo ni iyán yóò ti di gígún, nítorí ọmọ odó yóò fọ́ táìsì ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Ó ní kí ó ká ìlà méjì tó gbẹ̀yìn kúrò, kí ó da kọnkéré tó nípọn sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ẹni tó jókòó nídìí iná ti lè na iṣu dé inú odó. Bíríkìlà ní òun kò tíì ṣe irú rẹ̀ sínú ilé ìdáná oní-táìsì rí. Màmá ní kí ó ṣe tiwa ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò da kọnkéré náà.